Níbo Ni A Ti Lè Rí Dókítà Ọkàn Tí Yóò Gba Káàdì Ìlera Wa?

Bí a ti ń bẹ àwọn ará wò láti ilé dé ilé àti ní ibùsùn àìsàn, ìbéèrè kan wà tí a ń gbọ́ léraléra. Wọn á ní: "Pásítọ̀, wọ́n ní ọkàn ni ó ń dà mí láàmú. Káàdì ìlera ìjọba wà lọ́wọ́ mi. Níbo ni mo ti lè rí dókítà ọkàn tí kò jìnnà, tí yóò sì gba káàdì náà?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì fẹ́ fi "Ọlọ́run yóò ṣe é" nìkan dáhùn rẹ̀. Ọlọ́run yóò ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, a kò sì kà á níbì kankan pé Pọ́ọ̀lù ní kí ó kó àpò oògùn rẹ̀ dànù.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi ìdáhùn bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò bá ráyè kà á dópin má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Dókítà ọkàn tí ń tọ́jú àwọn tí ó ní káàdì adójútòfò ìlera wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́, àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FMC. Ṣùgbọ́n káàdì náà kì í gbé ènìyàn lọ bá dókítà ọkàn tààrà. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà náà sì ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín yàn ní ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fo ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń sọ fún pé káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó láti inú àpò ara rẹ̀ títí owó yóò fi tán.

KÁÀDÌ WO NI Ó WÀ LỌ́WỌ́ YÍN?

Àwọn ará wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní NHIS, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin NHIS, ó sì di ọdún 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní pẹrẹu, pàápàá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2022 òfin tuntun dé, ó rọ́pò ti àtijọ́, orúkọ àjọ náà sì di NHIA. Òfin tuntun yìí ní kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Kí òfin wí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun kan, kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá aláta ní ọjà Bódìjà jẹ́ ohun mìíràn.

Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ti dá tiwọn sílẹ̀. Ti Èkó ni wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, ti Ọ̀yọ́ ni OYSHIA, ti Ògùn ni OGSHIA, ti Ọ̀ṣun ni O'HIS. Oǹdó, Èkìtì àti Kwara náà ní tiwọn. Ní ọdún 2024 Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Oníṣòwò, awakọ̀, aránṣọ àti àgbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìpínlẹ̀ wọn láìjẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ohun tí ó fi yẹ kí ẹ mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ni pé káàdì ìpínlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí ìpínlẹ̀ náà bá ṣe àdéhùn. Ẹni tí ó gba ti Èkó kò gbọdọ̀ rò pé òun kàn lè gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀.

Ibi tí ó máa ń dun àwọn ènìyàn jù nìyí. Káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bo òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Kò bo bàbá àti ìyá rẹ̀. A ti rí ọmọ tí ó gbé ìyá rẹ̀ dé orí tábìlì ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìdánilójú pé "mo ní NHIS", tí wọ́n sì dá a lóhùn pé orúkọ Màmá kò sí nínú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tọ́jú àwọn òbí yín lórí káàdì, ẹ lọ forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ètò ìpínlẹ̀ wọn, tàbí kí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè fi owó kún un kí wọ́n fi wọ́n mọ́ tiyín. Kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ara wọn ṣì le. Púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a san owó. Wọ́n ní iye ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó lè lo káàdì. Àìsàn ọkàn kì í bá ènìyàn ka ọjọ́.

OGUN ÒRU NI, ÀBÍ ỌKÀN?

A mọ̀ pé ibi tí a fẹ́ fọwọ́ kàn yìí gbẹgẹ́. Nínú ìjọ wa a gbàgbọ́ pé ogun òru wà, a sì ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó máa ń wọ aṣọ ogun òru. Ẹni náà yóò sùn ní agogo mẹ́wàá, nígbà tí ó bá di agogo kan tàbí méjì òru yóò ta jí lójijì, èémí kò ní jáde dáadáa, yóò dà bí ẹni pé ohun kan jókòó lé e láyà. Yóò dìde jókòó, yóò sáré lọ ṣí fèrèsé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ara yóò rọ̀ ọ́. Bí ó bá tún dùbúlẹ̀, ó tún dé. Ìrọ̀rí kan yóò di méjì, méjì yóò di mẹ́ta, títí yóò fi máa sùn lórí àga.

Ohun tí àwọn dókítà fi yé wa ni pé ọkàn dà bí ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga. Nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò lè tú ẹ̀jẹ̀ ká ara tó bí ó ti yẹ. Lójú ọ̀sán tí ènìyàn wà lórí ìdúró, omi yóò lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yóò wú. Lóru tí ó bá dùbúlẹ̀, omi náà yóò padà wá sí àyà, yóò kún inú ẹ̀dọ̀fóró, èémí yóò sì há. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ òru ni ó ń mú un. Bí ẹ bá rí ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò lè sùn gbalaja, tí gígun àtẹ̀gùn díẹ̀ sì ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní FMC Abẹ́òkúta tí ó wà ní Ìdí-Aba, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ báyìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2014. Nínú gbogbo ènìyàn 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, nǹkan bí ọdún 57 ni. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ogbó, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ orí bàbá tí ó ṣì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ni.

Ẹ̀yin abiyamọ náà, ẹ fetí sí i. Obìnrin tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú ní oṣù tí ó fẹ́ bímọ tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé wàhálà ọmọ lásán ni. Ọkàn lè rẹ ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru rí.

LẸ́TÀ ÀTI KÓÒDÙ

Ohun méjì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn dókítà ọkàn fún ẹni tí ó ní káàdì: lẹ́tà àti kóòdù.

Lẹ́tà ń ti ọwọ́ dókítà ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ wá. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe yín láìfi ohunkóhun pamọ́. Wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ yín, wọn yóò fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà yín, wọ́n sì lè ṣe àyẹ̀wò ECG tí ó ń kọ bí ọkàn ti ń lù sórí bébà. Bí dókítà bá rí i pé ó ju agbára òun lọ, yóò kọ lẹ́tà tí yóò fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé dókítà ọkàn ni kí ó rí yín. Bí kò bá kọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ẹ̀ka mìíràn kí wọ́n tó darí yín.

Kóòdù ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HMO wá, àwọn tí ń bá yín ṣètò owó láàárín NHIA àti ilé ìwòsàn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àjọ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ń fún ni. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó gbà á. Ilé ìwòsàn ni yóò béèrè rẹ̀, kóòdù náà ni ẹ̀rí pé HMO ti gbà láti san owó. Kóòdù kan kì í ṣe ti títí ayé, bí wọ́n bá sì ti ní kí ẹ padà wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ nílò òmíràn.

Pẹ̀lú lẹ́tà àti kóòdù yìí, àwọn ibi tí a lè darí yín sí pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní Ìbàdàn UCH wà, tí ó ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún 1957. Ní Èkó, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UITH wà ní Ìlọrin, FMC sì wà ní Abẹ́òkúta àti Ọ̀wọ̀. Ní ilẹ̀ Èkìtì, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ béèrè tábìlì NHIA ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ẹ bá dé. Ẹ má kọ́kọ́ lọ tò sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Ẹ sì béèrè ọjọ́ tí àwọn dókítà ọkàn ń jókòó, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́.

OHUN TÍ OJÚ TỌKỌTAYA KAN RÍ

Ní ọdún 2023, arábìnrin kan nínú ìjọ wa, tí ń ta aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Àwọn ẹbí ní ayé ni ó ń bá a jà, wọ́n sì mú un lọ sí orí òkè àdúrà fún ọjọ́ méje. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orúnkún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò, wọ́n fa omi sí i lára nítorí ó ní ó rẹ òun, èémí sì tún há sí i. Wọ́n san owó lẹ́ẹ̀mejì, owó aṣọ tí àwọn oníbàárà ti san sílẹ̀ ni wọ́n fi san án.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ó bẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ojú ibi tí ó tẹ̀ náà jìn sínú kò sì tètè padà. Ó yíjú sí ọkọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ni? Káàdì yín dà?" Káàdì wà. Inú àpò ìwé kan náà tí ìwé ìgbéyàwó wọn wà ni ó ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á, wọn kò lò ó rí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sí i wà ní àdúgbò tí wọ́n ti kó kúrò. Ẹni tí ó bá ti kó lọ sí ibòmíràn, tàbí tí kò fẹ́ràn ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ fún un, lè béèrè pé kí wọ́n yí i padà. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí, nítorí náà wọ́n wọkọ̀ lọ sí ti àtijọ́.

A bá wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ arábìnrin náà jẹ́ 190 lórí 110. Dókítà kọ lẹ́tà kí agogo mọ́kànlá tó lù, ṣùgbọ́n kóòdù kò jáde ní ọjọ́ náà, kò jáde ní ọjọ́ kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ tábìlì ń pe HMO wọn, fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ọjọ́ kẹta ni kóòdù jáde, lẹ́yìn tí akọ̀wé kan tí a kò ní gbàgbé oore rẹ̀ kọ̀ láti lọ jẹun títí wọ́n fi dá a lóhùn. Ní ilé ìwòsàn ńlá wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò. Wọ́n rí i pé ọkàn náà ti fẹ̀, kò sì lè ki dáadáa mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí ń jẹ́ kí ènìyàn tọ̀ àti àwọn mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sùn gbalaja lórí ibùsùn. Lórí káàdì yẹn, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ni wọ́n ní kí wọ́n san.

Ní ọdún 2025, NHIA pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kí HMO tó fún ilé ìwòsàn ní kóòdù. Inú wa dùn sí àṣẹ yìí. Bí wọ́n bá dá yín dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí, bí kò bá sì yí padà, NHIA ní ọ́fíìsì ní àwọn ìpínlẹ̀ wa tí ẹ lè mú ẹjọ́ lọ. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ HMO sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹni tí ó bá kàn ní "wọ́n fi ìyà jẹ mí" kì í rí ìdáhùn bí ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, a bẹ̀ yín. Kí ẹ tó fi ọjọ́ méje ààwẹ̀ lé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ìjọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

BÍ DÓKÍTÀ ALÁDÀÁNI BÁ SÚN MỌ́ YÍN JÙ

Àwọn kan ti bi wá pé ṣé dókítà ọkàn tí ó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ kò lè gba káàdì ni. Ó lè gbà á, bí NHIA tàbí ìpínlẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ilé ìwòsàn náà, tí HMO yín sì ní àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ẹ ó bi HMO nìyẹn, kí ẹ sì darúkọ ilé ìwòsàn náà fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni, dókítà ọkàn kì í gbé ibẹ̀. Ó ń wá láti ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ẹni kan náà tí ẹ ń sá fún ìlà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ni ẹ lọ san owó ńlá fún níbòmíràn. Kì í sì ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé pátákó "Ọkàn" síwájú ilé ni ó kọ́ iṣẹ́ ọkàn. Ẹ kò ṣẹ̀ bí ẹ bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé níbo ni dókítà ti kọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà. Dókítà ọkàn ti àwọn ọmọdé yàtọ̀. Ẹ sì bi wọ́n ní kíákíá nípa iṣẹ́ abẹ, nítorí káàdì kì í gbé gbogbo ẹrù, owó iṣẹ́ abẹ ọkàn sì wúwo.

Àyà tí ó bá ń dun ènìyàn bí ẹni fi òkúta tẹ̀ ẹ́, tí òógùn tútù sì ń bò ó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láàyè láti lé ẹni tí ó wà nínú ewu ìkú padà. Ọ̀rọ̀ káàdì lè tẹ̀lé e lẹ́yìn.

NÍ ỌJỌ́ TÍ Ẹ BÁ Ń LỌ

Ẹ tètè jí. Bí àwọn dókítà bá yanṣẹ́ lódì tàbí tí èrò bá pọ̀, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń rí ojú rere. Ẹ mú káàdì, lẹ́tà, kóòdù, àbájáde gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ ti ṣe rí, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Àwọn àgbàlagbà, ẹ mú ọmọ kan dání tí yóò bá yín gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní oògùn kan kò sí ní ilé oògùn wọn, ẹ padà sí tábìlì NHIA kí ẹ tó jáde sí títì, kí ẹ bi wọ́n bóyá ilé oògùn mìíràn wà nítòsí tí wọ́n ti lè gbà á lórí káàdì kan náà.